Ìbéèrè Inú Àwo Kẹta

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé àwo orin wo ni mo fẹ́ràn jù láyé, mẹ́ta ni màá kà fún un. Orin rọ́ọ̀kì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láìfù sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ bí ojú èèyàn ṣe máa ń rí tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Ní Moniya tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọbìnrin Mùsùlùmí tó bá jókòó ti ariwo gìtá òyìnbó, wọ́n á ní kí wọ́n wá àlùfáà tó máa kéwú sí i létí. Mo ti gbọ́ ìyẹn títí ó ti sú mi.

Ẹni tó bá sì ti ra kásẹ́ẹ̀tì fújì láìfù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Láìfù ni èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré fún èèyàn, tí ariwo èrò wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n lọ gbà nínú yàrá, tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọ́n ń tún un kọ títí tó fi mọ́ tónítóní, mi ò kórìíra ẹ̀. Ó kàn ń ṣe mí bí oúnjẹ aláìsàn ni. Kò níyọ̀, kò láta, kò sì sí ẹni tó máa bínú tí o ò bá jẹ ẹ́ tán.

Bàbá mi ló kó mi sí i. Awakọ̀ ni wọ́n ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn kan nítòsí wa, ọ̀gá òyìnbó kan ni wọ́n sì ń gbé kiri oko. Òyìnbó náà ní àwo rọ́ọ̀kì tó kún àpótí. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á yá bàbá mi ní ẹyọ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Àárọ̀ Mọ́ńdè, àwo àti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ padà. Nítorí náà, Sátidé ni bàbá mi máa ń dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Wọn ò ní wáyà tí wọ́n lè fi so ẹ̀rọ àwo mọ́ rédíò. Ohun tí wọ́n ní ni rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan tó ń lo bátìrì, tó ní máíìkì kékeré níwájú bí ihò abẹ́rẹ́. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ àwo sórí tábìlì pálọ̀, wọ́n á gbé rédíò sórí àpótí ìjókòó kan kí ó kọjú sí sípíkà, wọ́n á tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, wọ́n á sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọwọ́ yẹn ni òfin. Bó bá ti wà lókè, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé títí ojú kásẹ́ẹ̀tì kan yóò fi tán.

Ilé tó wà lójú títì ni tiwa, ojú fèrèsé ò sì ṣeé tì nítorí ooru. Ọ̀kadà ń kọjá. Adìyẹ ń wọlé bó ṣe wù ú. Ládàánì ò mọ̀ pé bàbá mi ń gba orin sílẹ̀, tí àkókò ìrun bá ti tó, á pe ìrun. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọnú máíìkì. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì wa wá di láìfù lẹ́ẹ̀mejì: èrò òyìnbó lábẹ́, ìdílé wa lókè.

Àwo kìíní, páálí rẹ̀ pupa. Èèyàn mẹ́rin ló ń ṣeré níbẹ̀. Nínú orin tó bẹ̀rẹ̀ ojú kejì, ẹni tó ń lùlù ló ṣáájú, ó sì yára jù. Kò fara sin rárá. Onígìtá gbìyànjú láti fà á padà, kò gbà, ni àwọn mẹ́ta tó kù bá gbá tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì tó ti gbéra. Ká ní inú yàrá ni, wọn ì bá dá a dúró, wọn ì bá ní ká tún un bẹ̀rẹ̀. Lójú agbo, kò sí àtúnbẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú àwo yẹn dára nìyẹn: àṣìṣe wà níbẹ̀, gbogbo wọn mọ̀, wọ́n sì jọ rù ú délé. Nínú kásẹ́ẹ̀tì tiwa, níbi tí eré ti le jù, ewúrẹ́ kan ké. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ké, ó sì bọ́ sójú ìlù gẹ́lẹ́. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ orin yẹn níbòmíì, mo máa ń dúró de ewúrẹ́.

Àwo kejì, pápá ni wọ́n ti gbà á, òjò sì ń rọ̀. O máa gbọ́ ọ lórí nǹkan kan tó jọ tapólì. Láàárín orin kan, iná ẹ̀rọ wọn kú, gìtá dákẹ́, ohùn akọrin dákẹ́, àwọn èrò sì ń bá orin lọ fúnra wọn nínú òjò, láìsí ẹni tó ń darí wọn, títí iná fi dé. Èmi ò mọ̀ bóyá òyìnbó tó ń gbọ́ ọ nílé ẹ̀ mọ ìdí tí ìyẹn fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Àwa mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí bàbá mi ń dà á kọ, iná tiwa náà lọ. Ẹ̀rọ àwo ń lo iná, rédíò ń lo bátìrì, torí náà kásẹ́ẹ̀tì gbọ́ bí orin ṣe wọ́lẹ̀ tó di ohùn àgbàlagbà tó ń sùn lọ, ó gbọ́ òṣé tí bàbá mi pa, ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó gbọ́ gbogbo ọmọ àdúgbò tí wọ́n pariwo pé iná ti dé. Ariwo wọn àti ti àwọn òyìnbó inú òjò, mi ò lè sọ èwo ló le jù.

Àwo kẹta ni mo fẹ́ sọ. Akọrin rẹ̀ ti kọrin títí ohùn rẹ̀ ti ha. Kó tó kọ orin tó kẹ́yìn, ó bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n dákẹ́. O máa gbọ́ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń ti iwájú lọ sẹ́yìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, títí tó fi ku ẹnì kan ṣoṣo tó ń wúkọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Lẹ́yìn ìyẹn, gìtá kan dún, gbogbo pápá sì bú sí ariwo. Nínú gbogbo láìfù tí mo ti gbọ́, mi ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó kún tó bẹ́ẹ̀. Àwo tí ariwo bá pọ̀ nínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Èyí tó bá lè jẹ́ kó o gbọ́ bí èèyàn ṣe ń mí ni kó o mú.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìyá mi ti sọ̀rọ̀. Wọ́n wà ní ilé ìdáná. Ọwọ́ bàbá mi wà lókè. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan oúnjẹ, ìyá mi ò mọ òfin kankan. Wọ́n pariwo láti ibẹ̀ pé, "Ẹ̀yin yìí, ṣé ẹ ti jẹun?" Bí wọ́n ṣe sọ "jẹun" tán, gìtá dún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òyìnbó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mi ò dáhùn. Wọn ì bá ba ìyókù jẹ́ tí wọ́n bá dáhùn. Wọ́n kàn fi ọwọ́ òsì nàka sí ilé ìdáná, ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà lókè. Inú bí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nítorí àwo ti padà sọ́dọ̀ òyìnbó, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa tún un gbà.

Èmi kéré nígbà yẹn, mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo bá. Fún ọdún bíi mẹ́rin, mo gbà pé bí wọ́n ṣe gba àwo náà sílẹ̀ ní Òkè Òkun nìyẹn: pé akọrin dákẹ́, obìnrin kan bi àwọn èrò bóyá wọ́n ti jẹun, wọ́n sì dáhùn tayọ̀tayọ̀ pé àwọn ti jẹun. Pé ohùn obìnrin náà jọ ti ìyá mi kò yà mí lẹ́nu. Mo rò pé gbogbo ìyá ló ní ohùn kan náà tí wọ́n fi ń bi ìbéèrè yẹn. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ níléèwé pé àwọn akọrin òyìnbó mọ ìwà hù, wọn kì í kọrin fún ẹni tí ebi ń pa. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyá mi rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi iyán sílẹ̀ nínú odó.

Mo dàgbà, mo ríṣẹ́ ọba ní Ìbàdàn, mo ra fóònù tó gba orin. Mo wá àwọn àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo rí wọn. Ohùn wọn mọ́ bí omi inú ike. Nínú àwo kẹta, ìdákẹ́jẹ́ náà dé, ó sì ṣófo. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí àwọn òbí mi nílé, mo rí páálí kásẹ́ẹ̀tì tó ti ń dí ẹnu ọ̀nà yàrá. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ tipẹ́. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ fún bàbá mi pé, "Ẹ dà wọ́n nù, sà. Gbogbo ẹ̀ ló wà lórí fóònù mi. Ó tiẹ̀ tún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n wò mí. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Ìyá mi wà ní ilé ìdáná nígbà tí mò ń sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ohùn wọn inú kásẹ́ẹ̀tì ṣe?

Ìyá mi kú lọ́dún yìí, ní òwúrọ̀ Tọ́sìdé kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní ó jẹ́. Kí ìrun Àsárì tó dé, a ti sin wọ́n. Èmi ni mo pe àwọn ẹbí lórí fóònù, èmi ni mo lọ yá àga, èmi ni mo ń pín omi inú ọ̀rá. Mi ò sunkún. Àwọn ìyá àgbà ń wò mí, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn. Kì í ṣe pé mò ń ṣakin. Ó kàn kú lára mi ni, bí ètè ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún. Mo mọ̀ pé ètè wà níbẹ̀, àmọ́ tí mo bá fọwọ́ kàn án, ti ẹlòmíì ni.

Mo padà síbi iṣẹ́. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń fọ abọ́, mo gbìyànjú láti rántí ohùn ìyá mi, kò wá. Ọ̀rọ̀ wọn wá, ohùn kò wá. Mo dúró síbi ẹnu ẹ̀rọ omi, mò ń wá a bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, kì í gba ohùn sílẹ̀. Fọ́tò pọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹnu wọn sì pa dé nínú gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí kásẹ́ẹ̀tì àwo kẹta. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn ìyá mi kù sí láyé yìí, èmi ni mo sì ní kí wọ́n dà á nù.

Mo dé Moniya ní ọjọ́ tó ṣáájú àdúrà ogójì ọjọ́. Bàbá mi jókòó sí pálọ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, wọn kì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lọ lóòjọ́. Mo kí wọn, mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Páálí ò sí níbẹ̀.

"Bàbá mi, àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́, sà?"

"Wọ́n wà ní àkùrọ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n dìde, wọ́n mú ọ̀pá wọn, mo tẹ̀ lé wọn. Àkùrọ̀ náà wà nísàlẹ̀ odò lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ ọlọ́rinrin tí ìyá mi ń gbin ìrẹsì sí. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo rí wọn. Wọ́n ri ọ̀pá yí oko ká, wọ́n sì ta okùn inú kásẹ́ẹ̀tì láti ọ̀pá dé ọ̀pá, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mẹ́wàá, dúdú, ó ń kọ mànà nínú oòrùn. Gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n: tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, á máa hùn, á máa dán, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ò ní lè bà lé ìrẹsì.

"Ẹ̀gà ń yọ ìyá ẹ lẹ́nu," ni bàbá mi wí. "O ní gbogbo ẹ̀ ti wà lórí fóònù. Mo ní kó kúkú fi wọ́n ṣe nǹkan."

"Ta ló so wọ́n, sà?"

"Òun náà ni. Mò ń fà á jáde, ó ń so ó." Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí okùn tó wà létí ọ̀nà, tó ti gbó jù. "Ìyẹn ló kọ́kọ́ so. Ó ní èyí tí òun ti sọ̀rọ̀ ni kí n kọ́kọ́ mú wá, pé ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń bínú sóun lórí ẹ̀."

Mo gbọ́ ọ, mo sì ní, "Ẹ ṣeun, sà," bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀nà hàn. Mo tú okùn etí ọ̀nà náà. Ó ti ń ya, ó ti funfun níbi púpọ̀. Mo gba ìkarahun kásẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ bàbá mi, mo fi bírò ká okùn náà padà sínú rẹ̀ níwọ̀n tí mo lè ká, mo sì gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí gáréèjì. Ó ní rédíò àtijọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó fi sípírítì nu okùn náà, ó fi sí i, ó yí ohùn sókè dé òpin.

Ohun tó jáde dà bí ẹni tó ń fẹ́ ìrẹsì nínú atẹ. A jókòó tì í títí ó fi tán.

"Oòrùn àti òjò ti jẹ ẹ́ tán, àǹtí," ni ọkùnrin náà wí. Ojú ń tì í bí ẹni pé òun ló bà á jẹ́. "Kí ló wà níbẹ̀? Bóyá mo lè bá yín wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Mo ní, "Orin ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gun ọ̀kadà, mo lọ sílé.

Wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́, èrò wá, èrò lọ. Lọ́jọ́ kejì, ilé ti ṣófo. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, èmi àti bàbá mi jókòó sí pálọ̀. Kò sí ẹni tó dáná láti àárọ̀ nínú wa.

Bàbá mi ní, "Èyí tó wà lórí fóònù ẹ yẹn, jẹ́ ká gbọ́ ọ."

Mo ní sípíkà kékeré kan nínú báàgì. Mo wò yíká fún ibi tí mo lè gbé e lé, àpótí ìjókòó ọjọ́sí ni mo rí, mo gbé e sórí rẹ̀. Mi ò bi wọ́n èwo ni. Mo fi àwo kẹta sí i. A gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, orin kan tẹ̀ lé òmíràn, ohùn akọrin náà ń ha lọ. Bàbá mi dijú. Mo rò pé wọ́n ti sùn.

Akọrin bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì rí i pé bàbá mi ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Mi ò rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe mi. Mo di èémí mú bí òfin ṣe wí. Ẹnì kan wúkọ́ ní Òkè Òkun. Ohùn kankan ò ti ilé ìdáná wá.

Bàbá mi yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn wà nítòsí:

"A ò tíì jẹun."

Gìtá dún, gbogbo pápá sì bú sí ariwo.

Wọn ò tètè sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ohun tó ti kú lára mi láti ogójì ọjọ́ jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dùn mí, ó dùn mí dé egungun. Mo sunkún níbẹ̀ lórí àga, mi ò bo ojú. Bàbá mi ò ní kí n dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo fi ìborùn nu ojú mi, mo dìde, mo lọ sí ilé ìdáná. Orin tó kẹ́yìn ṣì ń lọ lọ́wọ́. Mo pariwo láti ibẹ̀, mo bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ.